Bí mo ṣe ń kọ àpèjúwe aláǹtakùn afò tuntun láti Áfíríkà

Kó o tó ri aláǹtakùn náà sínú ọtí ethanol, yà á ní fọ́tò láàyè. Ojú mi ti rí i: akọ kan tí iwájú orí rẹ̀ pọ́n yòò, nígbà tí mo máa fi padà dé ìdí ìgò, gbogbo rẹ̀ ti ṣá.

Àwọ̀ kọ́ ló ń fi hàn pé tuntun ni, ṣá. Apá kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu akọ ni kó o wò lábẹ́ maikirosíkóòpù. Yọ ti òsì, òun la sábà máa ń yà. Wá ẹ̀gún tín-ín-rín tó fi ń gbé àtọ̀ fún abo: ibi tó ti yọ, bó ṣe tẹ̀, bó ṣe gùn tó. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Lẹ́yìn náà, lọ sínú World Spider Catalog, àkójọ orúkọ aláǹtakùn àgbáyé tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Irú aláǹtakùn afò tó ti lórúkọ lé ní 6,000, má kánjú. Ọ̀pọ̀ ti Áfíríkà ló jẹ́ pé abo nìkan ni wọ́n mọ̀. Akọ "tuntun" rẹ lè jẹ́ ọkọ ìyàwó àtijọ́.

Bó bá dá ọ lójú, yan ẹyọ kan ní holotype, ìyẹn ẹyọ tí orúkọ tuntun náà so mọ́, fi sí mùsíọ́ọ̀mù, kó o wá sọ ọ́ lórúkọ.