Kí ẹ tó yọ LIKE kúrò nínú áàpù yín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe áàpù orúkọ fún ìjọ àti àjọ ìlú, láti Kàbà dé Ìsánlú, ó tó àkókò kí a fi FTS (ìwákiri tó ń lo atọ́ka ọ̀rọ̀) rọ́pò LIKE (àṣẹ tó ń fi lẹ́tà wé lẹ́tà) nínú SQLite, ibi tí áàpù ń kó dátà sí lórí fóònù. Lẹ́tà A sí Z tí kò ní àmì nìkan ni LIKE mọ ńlá àti kékeré rẹ̀. Ẹ tẹ "ọbàrò", kò ní rí "Ọbàrò".

Ṣùgbọ́n ẹ má sáré lọ bá FTS5, ẹ̀yà FTS tó tuntun jù. Ọdún 2015 ló wọ SQLite, nínú ẹ̀yà 3.9.0. Fóònù Android 5 tó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa ní Mọpà kò mọ̀ ọ́n. Áàpù á kàn kú mọ́ wọn lọ́wọ́ ni. FTS4, ẹ̀yà tó ṣáájú rẹ̀, ni kí ẹ lò, pẹ̀lú unicode61, irinṣẹ́ tó ń pín gbólóhùn sí ọ̀rọ̀, tó sì ń bọ́ àmì kúrò fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ "egbe" á rí ìlú tó ń jẹ́ Egbe, á sì rí gbogbo ẹgbẹ́ ọjà pẹ̀lú. Èmi ò rí aburú nínú ìyẹn, ta ló ń tẹ àmì lórí fóònù?

Ohun kan wà tí LIKE fi ju FTS lọ: àárín ọ̀rọ̀. LIKE '%dele%' á mú Bamidele wá, FTS kò ní mú un. Nítorí náà, ẹ fi méjèèjì sẹ́yìn fọ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo: FTS kọ́kọ́ wá a, bí kò bá rí nǹkan kan, kó bọ́ sọ́wọ́ LIKE.