Odi orí àpáta Edinburgh: bí mo ṣe ṣètò àbẹ̀wò wa

Aago kan ọ̀sán ni mo kọ́kọ́ mú kí n tó mú ọjọ́. Aago kan géérégé ni ọmọ ogun máa ń yin àgbá lórí odi Edinburgh yìí, ní Scotland, lójoojúmọ́, àfi ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ Ẹtì ọdún Àjíǹde àti ọjọ́ Kérésìmesì. Ẹni tó bá ti London lọ lópin ọ̀sẹ̀, tó sì fi ọjọ́ Àìkú ṣe ọjọ́ àbẹ̀wò, kò ní gbọ́ ọ. Nítorí náà, Àbámẹ́ta ni mo mú fún àwa mẹ́fà. Àgbàlagbà méjì tí orúnkún ń dùn wà nínú wa, ọmọ ọdún mẹ́ta kan sì wà níbẹ̀.

Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Owó rẹ̀ kéré sí ti ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń tán pátápátá nígbà ooru. Àkókò ìwọlé nìkan ni wọ́n fi de èèyàn. Ẹni tó bá ti wọlé lè wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi tì í. Mo mú 9:30, ìgbà tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Mo yẹra fún oṣù Kẹjọ, nítorí Tattoo, eré ológun tí wọ́n ń ṣe lálẹ́. Àga ìwòran á ti gba gbogbo pápá iwájú odi, owó hòtẹ́ẹ̀lì náà á sì ti fò sókè.

Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni èrò ń gbà wọlé, apá ìlà oòrùn ló wà. Ìhà yòókù jẹ́ àpáta tó ga fíofío. Ẹni tó bá rí odi láti Princes Street, tó rò pé òun á gba inú ọgbà ìsàlẹ̀ gùn ún, á padà yí po ni. Lóòótọ́, lóṣù Kẹta ọdún 1314, Thomas Randolph, ọ̀gágun Scotland, àti ọgbọ̀n ọmọ ogun rẹ̀ gun àpáta náà lóru, wọ́n sì gba odi lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Téèyàn bá wo ìsàlẹ̀ láti orí odi, ó ń bani lẹ́rù. Láti ibùdó rélùwéè Waverley, Cockburn Street la gbà, nítorí ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láìsí àtẹ̀gùn. Ó já sí Royal Mile, a yà sọ́tùn-ún, ó di ọ̀nà odi tààrà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo fún un.

Mo ti kọ̀wé ṣáájú sí àwọn tó ń bójú tó odi nípa àwọn àgbà wa méjèèjì. Ọkọ̀ kékeré kan wà tó ń gbé ẹni tí ìrìn ni lára lọ sókè lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ kò lè kó gbogbo ẹbí. Òkúta kéékèèké ni wọ́n tò sí ojú ọ̀nà inú odi, tí òjò bá ti kàn án, ó di yíyọ̀. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀. Kẹ̀kẹ́ ọmọ á máa gbọ̀n jìgìjìgì lórí ẹ̀, ọ̀já la fi pọn tiwa. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń yí agbòjò po, jákẹ́ẹ̀tì onífìlà ló tó o. Wọn kì í jẹ́ kí ẹrù ńlá wọlé, wọn kì í sì í báni tọ́jú rẹ̀.

Òkè pátápátá la kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá ń dúró wo gbogbo ohun tó bá pàdé láti ìsàlẹ̀, ìlà iyàrá adé á ti gùn kó tó débẹ̀. Lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà Portcullis, a fi àtẹ̀gùn Lang Stairs sílẹ̀ (70 ni, ó sì dúró ṣánṣán), a gba ọ̀nà tó yí ká. Ní Crown Square ni adé, ọ̀pá àṣẹ àti idà àwọn ọba Scotland wà, tí wọ́n tì mọ́ inú àpótí lẹ́yìn 1707, tí ẹnikẹ́ni ò ṣí i títí di 1818. Wọn kì í gbà kí èèyàn ya fọ́tò níbẹ̀. Òkúta tí wọ́n fi ń jẹ ọba ti kúrò níbẹ̀ ní tirẹ̀, ìlú Perth ní Scotland ló wà láti 2024.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti fara balẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ ilé ìsìn kékeré St Margaret, níbi tí àgbá ńlá Mons Meg wà. Ọdún 1449 ni wọ́n rọ ọ́, òkúta tó wúwo tó 150 kílò ló ń yìn. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa. Kì í ṣe irin kan tí wọ́n yọ́ dà. Ọ̀pá irin gbọọrọ ni wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n wá fi òrùka irin gbígbóná há wọn mọ́ra, kó lè fún wọn pọ̀ tó bá tutù. Bí wọ́n ṣe ń kan àgbá ọtí nìyẹn. Àgbá tí à ń yìn àti àgbá tí à ń rọ epo sí, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ lẹ́nu wa; lára Mons Meg, iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ni wọ́n. Ẹ wá ibi tí òrùka ti já kúrò lára rẹ̀, ẹ ó rí àwọn ọ̀pá náà níhòòhò. Ọdún 1681 ló bẹ́, nígbà tí wọ́n ń yìn ín láti fi yẹ́ ọmọ ọba sí.

A jẹun ní 11:45, nítorí gbogbo èrò ló ń ya lọ sí ilé oúnjẹ lẹ́yìn aago kan. Ní 12:35, a ti wà ní Mills Mount, níbi tí wọ́n ti ń yin àgbá aago kan, lẹ́bàá okùn tí wọ́n ta. Tó bá di 12:50, ẹ̀yìn orí èèyàn nìkan lẹ ó máa wò. Nítorí àwọn atukọ̀ ni wọ́n ṣe ń yìn ín. Láti 1852 ni bọ́ọ̀lù kan ti ń já wálẹ̀ lórí Calton Hill ní aago kan, kí wọ́n lè fi tún aago wọn ṣe, àmọ́ kùrukùru máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Ní 1861, wọ́n fi ìró àgbá kún un. Ìró náà ń wọni lára, nítorí náà 12:59 la ti fi ọwọ́ di ọmọ létí.