Àwọn Àṣìṣe Tí Àwa Olùkọ́ Máa Ń Ṣe sí Èdè àti Ìmọ̀lára Ọmọ ní Ilẹ̀ Ọ̀kun

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ ṣe olùkọ́ ní Kábà, ní ilẹ̀ Ọ̀kun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ọmọdékùnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá láti Yàgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì wí pé, "Ọ̀kun o." Mo ní kí ó padà sẹ́yìn, kí ó kí mi ní "Yorùbá gidi". Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ọmọ náà kò sì la ẹnu mọ́ títí a fi jáde ní ọ̀sán. Ìkíni yẹn gan-an ni Yàgbà, Ìjùmú, Owé, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ fi ń jẹ́ Ọ̀kun.

Àṣìṣe tí ó burú jù nìyẹn lójú mi: kí a ka èdè ilé ọmọ sí àbùkù. Yorùbá àjùmọ̀lò tí a fi ń kọ ìwé ti inú èdè Ọ̀yọ́ jáde jù lọ, Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, sì wà lára ohun tí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n nítorí ìdánwò, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ èdè ilé ni kí a gbé e sí, kí a má ṣe fi lé èdè ilé jáde. Bákan náà, kí a má ṣe yára pe ọmọ tí ó bá lo "o" fún àgbà ní aláfojúdi, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹ̀ka-èdè Yorùbá ni ó ń fi "ẹ" bu ọlá fún ẹnì kan ṣoṣo. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí fífi èdè abínibí kọ́ni ní 2022, wọ́n sì fagi lé e ní 2025. Èyíkéyìí tí wọ́n bá mú nínú méjèèjì, kò sí èyí tí ó ní kí a fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́.

Àṣìṣe kejì ni kí a gba ẹ̀kọ́ ìmọ̀lára, ìyẹn kíkọ́ ọmọ láti mọ bí nǹkan ṣe rí lára rẹ̀ àti lára ẹlòmíràn, láti òkè òkun bí ó ṣe wà. Ohun tí CASEL, àjọ tí ń gbé irú ẹ̀kọ́ yìí lárugẹ ní ilé ẹ̀kọ́, ti ń tẹnu mọ́ ní Amẹ́ríkà láti 1994, bí ìkóra-ẹni-níjàánu àti mímọ ohun tí ó ń dun ẹlòmíràn, dára, kò sì ṣàjèjì sí ẹni tí a kọ́ ní ìwà ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n a kì í sọ fún ọmọ wa pé kí ó tẹjú mọ́ olùkọ́ kí a tó gbà pé ó ń gbọ́, nígbà tí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé kí ó rẹ ojú sílẹ̀ níwájú àgbà. A sì máa ń lẹ àwòrán ojú tí ń rẹ́rìn-ín àti èyí tí ń sunkún mọ́ ògiri, bí ẹni pé ojú nìkan ni ìmọ̀lára ń gbé. Nínú èdè wa, inú ni ó ń bàjẹ́, àyà ni ó ń já, ọkàn ni kì í balẹ̀, orí ni ó ń wú. Ọmọ tí kò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ nígbà tí mo bi í ní Gẹ̀ẹ́sì bí nǹkan ṣe rí lára rẹ̀ sọ fún mi ní ìsinmi ọ̀sán pé, "Àyà mi ń já láti àná." Bí ọmọ bá ń sọ ní gbogbo ọjọ́ Ajé pé inú ń run òun, kí a má ṣe pè é ní onírọ́, kí a sì má ṣe gbà pé oúnjẹ nìkan ni ó fà á.

Ẹ má ṣe bi ọmọ tí ìdílé rẹ̀ sá kúrò lábúlé nítorí àwọn ajínigbé, níwájú kíláàsì, pé kí ó sọ ohun tí ó rí. Ẹ rán an ní iṣẹ́ díẹ̀, bíi kí ó bá yín kó ìwé lọ sí ọ́fíìsì, kí ẹ jọ máa rìn lọ. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ojú ọ̀nà ni yóò ti sọ ọ́.

Ní ti ọmọ Ẹ̀bìrà, Fúlàní tàbí Nupé tí ó wà láàárín wa, kí a má ṣe sọ ọ́ di agbẹnusọ fún ìran rẹ̀, kí a má sì fún un ní orúkọ Yorùbá nítorí pé tirẹ̀ le lẹ́nu wa. Bí ó bá ń jẹ́ Ozohu, ẹ bi í bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù sàmì ohùn sí i lórí nínú rẹ́jísítà.