Bí A Ṣe Ń Fa Ohun Tó Pa Wọ́n Pọ̀ Jáde Nínú Áljẹ́brà

Ẹ mú bírò àti bébà dání. Ìwòran lásán kì í jẹ́ kí iṣẹ́ yìí wọni lórí.

12x³y + 18x²y² − 6x²y

Ẹyọ mẹ́ta nìyẹn, ìyẹn àwọn apá tí àmì àròpọ̀ tàbí àyọkúrò yà sọ́tọ̀. À ń wá ohun tó tóbi jù lọ tó lè pín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìku nǹkan kan. Nọ́ńbà ni mo máa ń kọ́kọ́ dojú kọ, n kì í tíì wo lẹ́tà. 2 pín 12, 18 àti 6. 3 náà pín wọn. Ṣùgbọ́n 6 ló tóbi jù. Bí nọ́ńbà bá le, bíi 84 àti 126, mo máa ń yọ kékeré kúrò nínú ńlá. Ó ku 42. 42 wọ inú 84 lẹ́ẹ̀mejì gẹ́lẹ́, òun náà là ń wá. Ká ní kò wọ̀ ọ́ ni, ǹ bá tún máa yọ lọ.

Ó kan lẹ́tà. Èyí tí kò bá sí nínú gbogbo ẹyọ, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó bá wà nínú gbogbo wọn, ẹ mú iye tó kéré jù: x² àti y, torí ẹni tó ní x méjì péré ò lè mú mẹ́ta wá. 6x²y ló jáde.

Ẹ kọ ọ́ síwájú àkámọ́, kí ẹ fi pín ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ di 2x, èkejì di 3y. Ẹ̀kẹta ló máa ń gbé mi ṣubú nígbà tí mò ń kọ́ ọ. Mo rò pé mo ti kó gbogbo rẹ̀ jáde, kò ku nǹkan kan, ni mo bá kọ 6x²y(2x + 3y). Olùkọ́ mi ò bá mi wí, ó kàn ní kí n sọ ọ́ di púpọ̀ padà. Ẹyọ méjì péré ló jáde! Ohun tó bá pín ara rẹ̀, 1 ló ń fún wa, kì í ṣe òdo:

6x²y(2x + 3y − 1)

Ẹ fi 2 sípò x, 1 sípò y: tòkè jẹ́ 144, tìsàlẹ̀ náà jẹ́ 144. Ẹ má fi 1 sípò méjèèjì o; 1 kì í tú àṣìṣe x² àti x³ fó.

Bí àmì àyọkúrò bá ṣíwájú, mo máa ń fà á jáde pẹ̀lú, gbogbo àmì inú àkámọ́ á sì yí padà: −8a³ + 12a² di −4a²(2a − 3).

Nígbà mìíràn, odindi àkámọ́ ló pa wọ́n pọ̀. Nínú x(a + b) − 3(a + b), ẹ mú (a + b) bí ẹni mú lẹ́tà kan ṣoṣo: (a + b)(x − 3).