Bí A Ṣe Lè Wá Ibi Ìwakùsà Wúrà Lost Dutchman láti Òṣogbo

Láàárín àwọn òkè tí ó wà ní ìlà-oòrùn ìlú Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni ìtàn kan ti fìdí múlẹ̀ láti ọdún 1891: pé arúgbó ará Jámánì kan mọ ojú ibi tí wúrà wà nínú aṣálẹ̀ náà, pé ó kú láìjẹ́ pé ó fi ibẹ̀ han ẹnikẹ́ni, àti pé wúrà náà ṣì ń dúró de ẹni tí yóò rí i. Lost Dutchman ni wọ́n ń pe ibi ìwakùsà náà, nítorí pé Dutchman ni àwọn ará Amẹ́ríkà ìgbà náà sábà máa ń pe ará Jámánì; Superstition sì ni orúkọ àwọn òkè ọ̀hún. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí ó jókòó sí Òṣogbo, tí ìtàn náà ti wọ̀ lọ́kàn, tí ó sì fẹ́ ṣe ìwádìí tí yóò mú nǹkan gidi jáde, yálà wúrà wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Èrò tèmi ni pé orí tábìlì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà wà, àti pé ẹni tí ó bá fo apá yẹn kọjá, àròsọ ẹlòmíràn ni yóò lọ máa tú kiri lórí òkè.

Ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí ẹ sì fa ìlà sí àárín ojú ewé rẹ̀. Ní apá òsì, ẹ kọ ohun tí ẹ̀rí wà fún nìkan. Jacob Waltz ni orúkọ ọkùnrin náà. Jámánì ni wọ́n ti bí i; ó wà ní agbègbè Prescott ní Arizona láàárín ọdún 1860 sí 1870, níbi tí ó ti ń wá wúrà bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ìgbà náà, kí ó tó wá máa dáko lẹ́bàá odò Salt nítòsí Phoenix. Omíyalé ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1891, Waltz sì kú ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún náà ní ilé obìnrin kan tí ń jẹ́ Julia Thomas, ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀. Ní ọdún 1892, Julia Thomas àti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí orúkọ ìdílé wọn ń jẹ́ Petrasch gun òkè náà lọ, wọ́n sì padà lọ́wọ́ òfo. Èyí tí a lè gbára lé kò ju báyìí lọ púpọ̀.

Apá ọ̀tún ojú ewé náà ni yóò tètè kún. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ ìtàn ìdílé Peralta sí, àwọn ará Mẹ́síkò tí wọ́n ní wọ́n kọ́kọ́ wa wúrà náà kí àwọn Apache, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, tó pa wọ́n. Ibẹ̀ ni àwọn òkúta tí wọ́n fín máàpù sí lára yóò wà pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará òde òní ni wọ́n. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ máa bi gbogbo àmì tí ẹ bá kà: ọdún wo ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀? Ní oṣù kẹfà ọdún 1931, arúgbó kan tí ń jẹ́ Adolph Ruth wọ inú òkè náà pẹ̀lú máàpù, kò sì padà. Nígbà tí wọ́n rí agbárí rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, ìròyìn náà tàn ká gbogbo Amẹ́ríkà. Àmì tí ó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà náà ni ó kọ́kọ́ hàn sójú ìwé, tí ẹnikẹ́ni kò sì mẹ́nu kàn án fún ogójì ọdún tí ó ṣáájú, ó yẹ kí a fura sí i gidigidi.

Láti rí àwọn ìwé ìgbà náà kò gba kí ènìyàn kúrò ní Òkè-Fìà. Ilé ìkówèésí ìjọba Amẹ́ríkà ní ibùdó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ń jẹ́ Chronicling America, níbi tí a ti lè ka ìwé ìròyìn Arizona Republican láti ọdún 1890 sókè láìsan kọ́bọ̀. Ẹ fi onírúurú ọ̀nà tẹ orúkọ ọkùnrin náà, Waltz, Walz àti Walzer, nítorí pé àwọn akọ̀ròyìn ìgbà náà kọ ohun tí etí wọn gbọ́. Àwòrán ojú ewé ìwé ìròyìn àtijọ́ máa ń jẹ dátà púpọ̀. Ẹni tí dátà rẹ̀ kò tó, kí ó kọ́kọ́ ṣí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìkan, kí ó tó pinnu èyí tí yóò wò ní àwòrán.

Ó yẹ kí a gbé àmì kan tí ó gbajúmọ̀ yẹ̀ wò dáadáa, nítorí pé ó fi bí a ṣe ń dán àmì wò hàn. Òkúta ṣóńṣó kan wà láàárín òkè náà tí ń jẹ́ Weaver's Needle, tí orí rẹ̀ fi mítà 1,388 ga ju òkun lọ. Wọ́n ní ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, orí òjìji òkúta yìí máa ń bọ́ sí ojú ibi ìwakùsà náà gan-an. Ṣùgbọ́n àmì náà kò dárúkọ oṣù. Bí a bá ṣe ìṣirò oòrùn fún ibẹ̀, ní ìparí oṣù kẹfà, ìlà-oòrùn tààrà ni òjìji náà máa ń kọjú sí ní agogo mẹ́rin, gígùn rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju gíga òkúta náà lọ lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Ní ìparí oṣù kejìlá, oòrùn ti lọ sílẹ̀ sí ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn, òjìji náà yóò kọjú sí àríwá ìlà-oòrùn, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ìlọ́po mẹ́rin ti oṣù kẹfà. Ẹ fi kún un pé oṣù kọkànlá ọdún 1883 ni àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí agogo kan náà fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan, àti pé ṣáájú ìgbà náà, agogo tí ìlú kọ̀ọ̀kan rí lójú oòrùn ni wọ́n ń lò, èyí tí ó fi bí ìdajì wákàtí yàtọ̀ sí ti òde òní ní agbègbè Phoenix. Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn ààfáà ṣe ń fi gígùn òjìji mọ àkókò ìrun Àlàásárì kò ní bá mi jiyàn lórí èyí. Ẹ ri igi gbọọrọ mọ́lẹ̀ níwájú ilé, kí ẹ máa sàmì sí orí òjìji rẹ̀ ní agogo mẹ́rin ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan; kí ọdún tó yípo, ẹ ó ti rí i pé àmì tí kò ní oṣù kì í ṣe àmì rárá.

Lẹ́yìn ìwé ni òkúta. Àwọn òkè Superstition jẹ́ àṣẹ́kù òkè ayọnáyèéfín tí wọ́n bú gbàmù láàárín nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 25 sí 15 sẹ́yìn, eérú gbígbóná àti òkúta yíyọ́ ni wọ́n sì fi di ohun tí wọ́n jẹ́ lónìí. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ kì í sábà ní wúrà nínú. Etí òkè náà ní ìwọ̀-oòrùn, níbi tí òkúta tí ó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ ti yọrí síta, ni wọ́n ti rí wúrà ní tòótọ́: ní Goldfield, níbi tí wọ́n ti wa kùsà Mammoth ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé ikú Waltz, kí ọdún 1900 tó dé. Wúrà tún wà ní ibi tí ó jìnnà sí òkè náà pátápátá, bíi ti kùsà Vulture nítòsí Wickenburg tí wọ́n rí ní ọdún 1863. Nítorí náà, bí Waltz bá ní wúrà lọ́wọ́ lóòótọ́, kò pọn dandan kí ó jẹ́ pé inú òkè Superstition ni ó ti mú un, pàápàá nígbà tí a mọ̀ pé ó ti gbé ní agbègbè Prescott tẹ́lẹ̀. Èmi fúnra mi rò pé ibòmíràn ni.

Ẹni tí ó wà ní Òṣogbo ní àǹfààní tí ọ̀pọ̀ àwọn olùwá-wúrà ará òkèèrè kò ní, nítorí pé ilẹ̀ wúrà gidi wà nítòsí wa. Ní agbègbè Iléṣà, a lè lọ wo bí wúrà ṣe ń gbé inú òkúta: ní Ìpérindó, inú iṣan òkúta funfun líle tí àwọn onímọ̀ ń pè ní quartz ni ó wà, ní Ìtagunmódì, inú iyẹ̀pẹ̀ ni àwọn awakùsà ti ń fọ̀ ọ́. Kùsà Segilola, tí ó wà ní agbègbè yẹn, yọ́ wúrà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù keje ọdún 2021. Ẹ bá olùkọ́ ìmọ̀ nípa òkúta ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó fi àpẹẹrẹ hàn yín, kí ẹ sì gbàṣẹ kí ẹ tó dé ibi tí iṣẹ́ ti ń lọ. Ẹ kọ́ láti ya wúrà sọ́tọ̀ kúrò lára pyrite, èyí tí ó máa ń tan ojú jẹ: bí a bá fi òòlù lu wúrà, yóò tẹ́, pyrite yóò fọ́ wẹ́wẹ́. Bí a bá fi wúrà ha ẹ̀yìn táìsì tí kò dán, ìlà àwọ̀ ìyeyè ni yóò fà. Ìlà dúdú ni ti pyrite.

Ohun mìíràn tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kọ́ wa ni pé iṣẹ́ wúrà kì í ṣe ohun tí ó lè fara pamọ́. Níbikíbi tí wọ́n bá ti wà á, òkìtì iyẹ̀pẹ̀ àti òkúta tí wọ́n kó dànù yóò wà níbẹ̀, ọ̀nà yóò là wọ ibẹ̀, omi ìsàlẹ̀ yóò sì yí àwọ̀ padà. Àwọn tí ń lọ sí ojúbọ Ọ̀ṣun rí bí omi odò náà ṣe pọ́n ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, tí wọ́n sì ń nàka sí àwọn tí ń fọ wúrà ní òkè odò. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣí Google Earth láti wo òkè Superstition, ẹ má ṣe máa wá ihò. Òkìtì òkúta tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àyíká rẹ̀ ni kí ẹ wá, pẹ̀lú ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́ tí kò já sí ibì kankan. Ẹ fi wé àwọn máàpù àtijọ́ ti USGS, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣe ìwádìí ilẹ̀, tí a lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Weavers Needle àti Goldfield ni orúkọ máàpù méjì tí ẹ ó kọ́kọ́ béèrè. Ibí ni ìtàn náà ti há: bí kùsà náà bá tóbi tó bí wọ́n ṣe ń sọ, òkìtì rẹ̀ kò ní ṣàìhàn; bí ó bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi pamọ́ fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, a jẹ́ pé kì í ṣe kùsà tí ń sọ ènìyàn di ọlọ́rọ̀.

Ọ̀rọ̀ òfin kò gba àríyànjiyàn. Inú igbó ìjọba àpapọ̀ tí ń jẹ́ Tonto ni òkè náà wà, abẹ́ òfin ọdún 1964 tí ó dáàbò bo àwọn ilẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn ni ó sì wà. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1984, kò sí ẹni tí ó lè gba ẹ̀tọ́ tuntun láti wa kùsà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wá ìṣúra tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́tọ̀. Ọkọ̀, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ kò gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹgbẹ́ kan kò gbọ́dọ̀ ju ènìyàn 15 lọ, wọn kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 14 lọ nínú igbó náà. Nílé níbí náà, òfin ọdún 2007 sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Ìrìn, wíwò, yíya àwòrán àti kíkọ sílẹ̀ ni ó kù fún yín.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òun ní máàpù tòótọ́ láti tà, ẹ jẹ́ kí ó máa mú un lọ.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá di ti ìrìn-àjò, tí ìwé ìrìnnà àti owó ti wà nílẹ̀, àsìkò ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni ó dára. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, ooru Phoenix sábà máa ń kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius, oṣù kẹfà yẹn náà sì ni Adolph Ruth wọ inú òkè lọ. Ní oṣù keje ọdún 2010, ọkùnrin mẹ́ta láti ìpínlẹ̀ Utah wá wá wúrà yìí kan náà. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2011 ni wọ́n tó rí òkú wọn. Kí ará Òṣogbo má ṣe sọ pé ooru ti mọ́ òun lára. Ooru tiwa a máa mú kí òógùn ṣàn lára tí a ó fi mọ̀ pé omi ń tán nínú wa. Ní aṣálẹ̀, atẹ́gùn gbígbẹ ń fa òógùn náà kí ó tó hàn, òùngbẹ sì lè ti pa ènìyàn dé ìdajì kí ó tó fura.

Omi lítà mẹ́rin ni ẹnì kọ̀ọ̀kan nílò lójúmọ́, ó kéré tán, lítà kan sì wúwo tó kílò kan. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé odò kankan níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà yín nímọ̀ràn pé kí ìrìn yín jẹ́ ti àlọ àti àbọ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ọ̀nà Peralta dára fún ìbẹ̀rẹ̀: láti ìsàlẹ̀ dé ọrùn òkè tí ń jẹ́ Fremont Saddle kò tó kìlómítà mẹ́rin, láti ibẹ̀ ni Weaver's Needle sì ti dúró gedegbe ní iwájú, tí ẹ ó sì lè fi ojú ara yín wo ibi tí òjìji rẹ̀ ń lọ. Ẹ mú òòyà dání, nítorí ewéko ẹlẹ́gùn-ún kan wà tí ń jẹ́ cholla, tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara tí ọwọ́ kò sì lè yọ. Òòyà ni wọ́n fi ń tì í dànù. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ibi tí ojú kò bá tó, nítorí ejò. Ẹ má sùn sí ojú àgbàrá gbígbẹ, nítorí òjò tí ó rọ̀ ní òkè jíjìnnà lè ya dé bá ènìyàn láìsí ìkùukùu lórí rẹ̀. Fóònù kì í ní nẹ́tíwọ̀kì ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ ó gbà àti wákàtí tí ẹ ó padà sílẹ̀ fún ẹnì kan ní ìlú, kí ẹ sì padà ní wákàtí náà, bí ó ti wù kí ohun tí ẹ ń wò lọ́wọ́ dùn tó.

Bí ẹ bá rí ihò àtijọ́, ẹ má wọ inú rẹ̀, nítorí pé igi tí ó gbé òrùlé rẹ̀ ró lè ti jẹrà, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì lè ṣekú pani láìrùn. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ láti ìta pẹ̀lú ohun kan tí gbogbo ènìyàn mọ ìwọ̀n rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà GPS ojú ibẹ̀, irú òkúta tí ó yí i ká àti bí òkìtì iwájú rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ẹ fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ bí ẹ ṣe bá wọn, títí kan agolo àti irin dídípẹtà, nítorí pé òfin ń dáàbò bo ohun àtijọ́ lórí ilẹ̀ ìjọba níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kó ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yín lọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó Tonto ní ọ́fíìsì wọn ní Mesa, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà àti nọ́ńbà ibẹ̀ sí apá òsì ìwé yín.