Kí ẹ tó ra kẹ̀kẹ́ ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta

Ẹ̀yin òbí wa, ẹni tó bá ń gbèrò láti ra kẹ̀kẹ́ ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ìyẹn èyí tí a máa ń gbé ọmọ sí tí a ó sì máa tì kiri, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo táyà iwájú. Ó yẹ kó lè yí sọ́tùn-ún sósì níbi tí èrò pọ̀ sí, kó sì ṣeé há mọ́ ojú kan lójú ọ̀nà gbágungbàgun. Táyà oníatẹ́gùn máa ń rọ ọmọ lára ju èyí tó le lọ, àmọ́ ó lè jò, nítorí náà ẹ ra pọ́ǹpù mọ́ ọn.

Ìdúró rẹ̀ ló jẹ mí lógún jù. Ẹsẹ̀ kan péré ló wà níwájú, ó sì lè fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ẹ bá fi eré yà ní kọ̀rọ̀. Ẹ má fi báàgì kọ́ ibi tí ẹ fi ń tì í rárá. Ó lè fà á ṣubú sẹ́yìn tòun tọmọ.

Ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò tíì le gbọ́dọ̀ lè nà gbalaja, ẹ yan èyí tí ìjókòó rẹ̀ ṣeé tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ má tì í sáré kí ọmọ tó pé oṣù 6 ó kéré tán, ẹ sì bi dókítà léèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́líìtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú èjìká méjèèjì, ìbàdí méjèèjì àti àárín ẹsẹ̀. Ẹ tẹ bíréèkì rẹ̀ wò dáadáa.

Ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń fẹ̀, ẹ wọn ẹnu ọ̀nà yín. Ẹ fọwọ́ ara yín ká a ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì rí i pé ó wọ bútù ọkọ̀ kí ẹ tó sanwó.