Bí mo ṣe kópa nínú ìwọ́de wọ́ọ́rọ́wọ́

N kì í ṣe olóṣèlú, n kò sì sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Ohun tó gbé mi jáde kò ju pé wọ́n tún sún ọjọ́ ìdìbò síwájú, tí kò sì sẹ́ni tó sọ ìdí kan pàtó fún wa. Ó pẹ́ tí mo ti ń ráhùn nípa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní n ó fẹsẹ̀ ara mi rìn ín.

Mo kọ́kọ́ wádìí àwọn tó pe ìwọ́de náà. Ṣé wọ́n ti fi tó ọlọ́pàá létí? Ọ̀nà wo la ó gbà? Ta la ó pè bí nǹkan bá yíwọ́? Lójú tèmi, ìwọ́de tí kò ní ẹni tó lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí, kéèyàn jókòó sílé rẹ̀ ló dára. Àwọn tiwa dáhùn, wọ́n tilẹ̀ fi nọ́ńbà agbẹjọ́rò kan ránṣẹ́. Mo kọ nọ́ńbà náà sí apá mi, torí wọ́n lè gba fóònù lọ́wọ́ ẹni, bátìrì sì lè kú. Bírò lásán kọ́ o, òógùn á pa ìyẹn rẹ́. Máákà tí omi kì í tètè ṣí ni mo lò.

Fóònù gan-an gba ìtọ́jú. Mo yọ ìtẹ̀ka àti ojú tí mo fi ń ṣí i kúrò, mo fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ gígùn rọ́pò wọn. Èèyàn lè fi tipátipá gbá ìka ẹni mú kó fi tẹ fóònù, ṣùgbọ́n kò lè fa nọ́ńbà jáde lágbárí ẹni. Mo wọ bàtà tó ṣeé sáré, mo gbé omi dání, mo sì lo awò ojú dípò léǹsì tí mo máa ń fi sẹ́yinjú, torí tajútajú a máa há sábẹ́ rẹ̀. Mo sọ ibi tí mò ń lọ fún àwọn ará ilé, mo sì sọ aago tó yẹ kí wọ́n gbúròó mi. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo kọ gàdàgbà sórí páálí: ÌDÌBÒ WA DÀ? Mo rí ẹnì kan tó kọ odidi àròkọ sórí tirẹ̀. Ta ni yóò kà á láti òdìkejì títì?

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìdúró ló pọ̀ jù nínú ìwọ́de. A dúró títí, oòrùn ń pa wá, kí wọ́n tó ní ká máa lọ. Etí èrò ni mo dúró sí, mo sì ti fojú sàmì sí àwọn ọ̀nà tí mo lè gbà jáde. Nígbà tí ejìká bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún mọ́ ejìká lèèyàn ń yẹra. Bó bá dúró dìgbà tí kò lè gbọ́wọ́ sókè mọ́, ẹ̀mí rẹ̀ ti wà nínú ewu.

A ti rìn díẹ̀ nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan tó faṣọ bojú ju ìgò sí ọ̀nà àwọn ọlọ́pàá. Ìgò náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn, ó fọ́ yángá sórí títì. Àwọn ọlọ́pàá gbé asà sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Àyà mi já. Ọmọbìnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn, ọ̀kan nínú àwọn tó ń darí èrò, gbé gbohùngbohùn sẹ́nu: “Ẹ jókòó! Gbogbo yín, ẹ jókòó sílẹ̀!”

Ìyá àgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti jókòó kó tó sọ ọ́ tán. Ó fa àpò mi: “Jókòó, ọmọ mi.”

Ká tó ṣẹ́jú, gbogbo wa ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹni tó ju ìgò nìkan ló kù lórí ìdúró, kò sì sí ẹ̀yìn ẹni tó lè sá sí mọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yọ́ gba kọ̀rọ̀ kan lọ. Ìyá náà ní, “Ìyẹn ò bá wa wá.” Asà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ti kà á tẹ́lẹ̀ pé lọ́dún 2020, Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ tìtorí ìwà ipá ẹnì kan ka gbogbo èrò sí oníjàgídíjàgan. Ọ̀rọ̀ náà dára, mo sì fẹ́ kí gbogbo ọlọ́pàá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, jíjókòó wa ló gbà wá.

Nígbà tí a tún ń rìn, mo bi ọmọbìnrin náà bóyá orí ló bá a ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín. “Rárá o, ẹ̀gbọ́n. A ti fi dánra wò.” Ìgbà náà ni mo rántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ jókòó nílé oúnjẹ tí wọ́n ti ń ya dúdú sọ́tọ̀ ní Nashville, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1960. James Lawson, ẹni tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè jà fẹ́tọ̀ọ́ láìlo ipá, ti kọ́kọ́ kó wọn jọ: àwọn kan á ṣe bí ẹni tó wá dà wọ́n láàmú, wọ́n á bú wọn, wọ́n á tì wọ́n, kí ara wọn lè mọ́ra láti má gbẹ̀san. Ẹni tó bá rò pé wọ́ọ́rọ́wọ́ kàn ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ kò tíì jókòó sórí títì níwájú asà.

Ìyókù kò gùn. Nígbà tí a dé ibi tí à ń lọ, òṣìṣẹ́ kan jáde wá gba ìwé ẹ̀bẹ̀ wa lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fọwọ́ sí ẹ̀dà tiwa. Èmi àti àwọn mìíràn jọ kúrò níbẹ̀, n kò dá rìn. Kí n tó fi àwòrán kankan síta, mo bo ojú gbogbo ẹni tó hàn nínú rẹ̀, torí n kò gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Wọn kò tíì dá wa lóhùn. Mo ti sọ fún ọmọbìnrin náà pé bí wọ́n bá tún pe ìwọ́de, kó fi mí sára àwọn tí yóò wọ jákẹ́ẹ̀tì, kó sì sọ ọjọ́ ìdánrawò fún mi.